Ọ̀rọ̀ Kan Gbé Mi Dé Adó

Aago márùn-ún àárọ̀ kò tíì lù tí mo fi kúrò nílé wa ní Ìgèdè. Ìka ọwọ́ ìyá mi ló lé mi jáde. Ó ti wú nítorí àgbàdo gbígbẹ tí ó ń fi ọwọ́ yín, àpò mẹ́rin sì ṣì wà nílẹ̀. Fẹ́mi, àbúrò mi tó wà ní Àmẹ́ríkà, ló sọ pé ẹ̀rọ kan wà tó ń "shuck" àgbàdo. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọlọ́jà kan tó ń ta ẹ̀rọ ní Adó, ó ní òun ní in.

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni awakọ̀ gbà. Ó há àwa mẹ́rin sẹ́yìn, ó tún dúró ní Ìyìn títí obìnrin kan fi kó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán sínú búùtù. Mo ní kó jẹ́ ká lọ.

"Àǹtí, ẹ ṣe sùúrù. Adó ò ní sá lọ."

Ìsọ̀ ọlọ́jà náà ní Òkèṣà kò ṣí títí di aago mẹ́sàn-án. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ń jẹ àkàrà tútù. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tó wá ṣí i, ó ti pẹ́ ní Adó. Ó tan jẹnẹrétọ̀, mo ki àgbàdo kan tí mo mú wá láti ilé bọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì pọ̀ ọ́ jáde. Hóró kan ṣoṣo kò já.

"Bàbá, kò yín in."

"Yínyín kẹ̀? 'Shuck' lẹ kọ, mà. Èèpo ló ń bó. Ẹ sì ti bó tiyín wá láti ilé."

Mo pe Fẹ́mi, mo jí i lójú oorun. Ó ní òótọ́ ni, bíbó èèpo ni. Ó ní wọ́n tún ń lò ó fún ṣíṣí ìkarahun ẹran inú òkun, àti fún ẹni tó bọ́ aṣọ rẹ̀ jù sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ lánàá?"

"Mo rò pé ọ̀kan náà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Nílé wa, à ń bó àgbàdo, à ń yín àgbàdo, à ń bẹ iṣu. Ọmọ ọdún márùn-ún kì í ṣì wọ́n pè.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sọ fún bàbá pé ohun tó máa gba hóró kúrò lára ṣùkù ni mo ń wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òrùka irin kan jáde tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, eyín wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà.

"Èyí lẹ ò bá ti sọ láti àárọ̀."

Mo san owó náà, mo wá ọkọ̀ padà sílé.

Òjò ká wa mọ́ ọ̀nà, táyà jò. Aago méjì ọ̀sán kọjá kí n tó délé pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ ra nǹkan, iṣẹ́ tó máa ṣe ni mò ń sọ, n kì í pe orúkọ.

Ìyá mi ti àgbàdo kan bọ inú òrùka náà, ó yí i, hóró sì dà wàrà sínú abọ́. Ó mú òmíràn. Nígbà tó di ìkẹfà, ó na ìka rẹ̀, ó wò ó.

"Usẹ́ ti rọrùn. Kí ni wọ́n ń pè é?"

Mo ní n kò mọ̀, n kò sì fẹ́ mọ̀.