Ọ̀gá Tó Ní Kóòtù Kì í Ṣe Iṣẹ́ Obìnrin

Mo rántí bí ọyẹ́ ṣe máa ń bó wa létè ní Jos lópin ọdún, tí tàgbà tèwe á máa wá kóòtù kiri. Àsìkò yẹn ni mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Naraguta, tí màá bi ara mi léèrè ibi tí mo fẹ́ kí iṣẹ́ mi dé lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ronú ilé, wọ́n ń ronú ọkọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni èmi ń rò, kì í sì í ṣe ìfẹ́ ló fà á.

Ọ̀gá mi ni. Télọ̀ ará Ìlọrin ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Terminus, ìdí ọjà ńlá, kò sì sẹ́ni tó lórúkọ tó o nídìí kóòtù rírán. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ni màmá mi fà mí lé e lọ́wọ́. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tó yá, èmi ló ń gé aṣọ, èmi ló ń so apá mọ́ kóòtù, òun á jókòó síwájú, á máa bá oníbàárà sọ Hausa, á máa gba ìyìn. Kò dùn mí. Mo rò pé ọjọ́ tó bá ń dá mi sílẹ̀ ló fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fáyé gbọ́.

Ọjọ́ náà pé, ó bọ́ sí ìparí ọdún. Màmá mi se ìrẹsì, ó pe àwọn ẹbí wa àti àwọn àgbà láti àdúgbò Gangare. Lẹ́yìn àdúrà, ọ̀gá mi dìde. Ó ní òun yọ̀ǹda fún mi láti máa rán bùbá àti aṣọ ọmọdé, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀dọ̀ òun ni mo ti kọ́ kóòtù.

"Kóòtù kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin," ó wí. "Kó lọ fẹ́ ọkọ, kó máa rán ti àwọn ọmọ rẹ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kóòtù tó wọ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni mo rán an. Màmá mi ń bu ìrẹsì fún wọn lọ.

Láti ìgbà náà ni ìparí ọdún ti di ti èmi àti ọ̀gá mi. Lọ́dún kan, ohun tí mo fẹ́ ni ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi. Lọ́dún mìíràn, ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́, kì í ṣe níbikíbi, bí kò ṣe ọ̀ọ́kán tirẹ̀ gan-an. Mo rí i gbà. Bí oníbàárà rẹ̀ kan bá yà sọ́dọ̀ mi, màá gbé àga fún un síta, kí ọ̀gá lè rí i dáadáa. Ọmọge tó yẹ kó máa wo ojú ọkùnrin, ojú télọ̀ arúgbó ló ń ṣọ́ látàárọ̀ dalẹ́.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, gwanjo, ìyẹn àwọn aṣọ àlòkù láti òkè òkun, kún ọjà, àwọn tó ń rán kóòtù sì dínkù. Èmi yà sídìí aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá kọ̀, ó ní kóòtù lòun mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kógbá wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá bá mi, ó ń wá iṣẹ́.

Mo fún un níṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo fi í sí, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i, kó máa gán bọ́tìnnì. N kò jẹ́ kó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́.

Ọdún ń parí lọ nígbà tí màmá mi yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó rí i, ó dúró. Mo rò pé ó máa ní kí n ṣàánú. Ó kí i ní "Sannu da aiki," ìyẹn ẹ kú iṣẹ́ lédè Hausa, bí wọ́n ṣe ń kí lébìrà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ọ̀gá yín ń tọ́jú yín?"

Ọ̀gá ò gbójú sókè. "Ó ń gbìyànjú, Ìyá."

Màmá mi mi orí, ó wọlé, ó ní kí n fún òun lómi. Kò mẹ́nu ba ọjọ́ tí wọ́n dá mi sílẹ̀ rí. Mi ò mọ̀ pé òun náà ti ń dúró de ọjọ́ ẹ̀san látìgbà náà.

Nígbà tí mo jókòó láti ronú iṣẹ́ mi lọ́dún yẹn, n kò rí nǹkan kan fẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí iṣẹ́ lè jẹ́ fún ẹni tí kò lọ́tàá. Ọ̀gá ti kú báyìí, àwọn ọmọ mi sì máa ń bẹ̀ mí pé kí n dárí jì í. Mo ń gbàdúrà fún un bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún òkú. N kò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rán aṣọ púpọ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jókòó lára èèyàn bí àwọn tí mo fi ìbínú rán.