Ẹni Tó Kí Mi Lábẹ́ Ọkọ̀ Délé

Mi ò lọ sílé ìwé ní kékeré. Mo ti ń fá irùngbọ̀n kí n tó mọ ábídí, nítorí náà mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ síbí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì wa ní Challenge, kó bi Ìyá Olóìlì léèrè. Ó ṣì wà níbẹ̀. Á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà á bojú wẹ̀yìn.

Páìpù èéfín ọkọ̀ ni iṣẹ́ mi, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sàlẹ́ńsà. Mò ń gé e, mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń jó o pọ̀. Ìyàwó mi ti kú nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ sì ti lọ sílé wọn. Ariwo irin ló kù tí mò ń gbọ́ lójoojúmọ́. Mi ò ráhùn.

Láàárín àwọn ọdún tí ọjà òkè òkun di ohun àwátì yẹn, obìnrin kan wá bá mi. Fọlákẹ́ ni orúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní Bódìjà. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀. Wọ́n fa ọkọ̀ kan tẹ̀lé e wá: ọkọ̀ eré sísá, pupa, onílẹ̀kùn méjì, tó sún mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Páálí ńlá kan wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn.

Délé, ọkọ rẹ̀ tó kú, ló ni ọkọ̀ náà. Ẹ gbà mí gbọ́, ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ń fẹ́ràn ọmọ. Ó ti yọ sàlẹ́ńsà àti kábúrétọ̀ àtijọ́ dànù, ó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù pé kó bá òun ra èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: páìpù tó fẹ̀ àti kábúrétọ̀ méjì, kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí dáadáa, kó sì máa sáré. Páálí náà dé. Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn kì Délé mọ́lẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Kúnlé, àbúrò Délé, ní òun ni ọkọ̀ náà tọ́ sí. Ìyá wọn tó ń gbé ní Jẹ́ríkò ló dá ẹjọ́ ọ̀hún. Bí Fọlákẹ́ ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi, Màmá ní:

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbẹ́nu dákẹ́. Fọlákẹ́, ṣé o ní Délé ti ń kọ́ ẹ ní ọkọ̀ wíwà? Ó dáa. Wà á wá síwájú ilé mi lọ́jọ́ Àìkú, tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Tó o bá wà á dé, tìẹ ni. Tí o ò bá rí i wà dé, kí Kúnlé wá wọ́ ọ lọ.”

Kúnlé bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ́ńjìnnì ò ní kábúrétọ̀, páìpù wà nínú páálí. Kí ló fẹ́ wà wá? Páálí?”

Mo bi Fọlákẹ́ pé kí ló dé tó fi fẹ́ ọkọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

“Ó ní tí páìpù yẹn bá wọlé tán, èmi ni màá kọ́kọ́ wà á. Bàbá, mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa dún.”

Mo gba iṣẹ́ náà.

Múfú, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi, ló de kábúrétọ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Èmi gbé páìpù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Níbi tí ọ̀rẹ́ Délé ti ra páìpù, apá ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ àwọn Òyìnbó wà. Tiwa wà lápá òsì. Ọ̀rẹ́ náà ti pẹ́ lọ́hùn-ún, kò rántí. Ibi tí páìpù yẹn fẹ́ gbà gan-an ni ọ̀pá sítíárìn tiwa ń gbà kọjá.

Múfú bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó ní, “Bàbá Wẹ́dà, ẹ sọ fún Tíṣà kó lọ máa wà á láti apá ọ̀tún.”

Mo rọ yanrìn gbígbẹ sínú páìpù náà títí ó fi kún, mo dí i lẹ́nu, mo fi iná gáàsì sí i títí ó fi pọ́n, mo wá rọra tẹ̀ ẹ́ kúrò lọ́nà ọ̀pá. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Yanrìn ló ń gbé inú páìpù ró tí kò fi ní rún.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo tẹ̀ ẹ́ tán. Gbogbo ọgbà ti lọ kírun, Múfú náà lọ. Aládùúrà ni mí. Èmi nìkan ni mo kù, àti Ìyá Olóìlì tó ń ta óìlì ẹ́ńjìnnì ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Oòrùn wà láàárín orí. Kò sí òkùnkùn, kò sí òjò. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Mo da yanrìn gbígbóná náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, níhà ìjókòó dírẹ́bà. Mo ki páìpù bọ omi, mo gbé e sí ipò rẹ̀. Mo yí sítíárìn sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Kò kan nǹkan kan. Inú mi dùn. Jáàkì ti gbé ọkọ̀ sókè, mo wọ abẹ́ rẹ̀ lọ láti fún àwọn nọ́ọ̀tì páìpù le.

Ibẹ̀ ni mo wà.

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá.”

Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí wọ́n bá kí wa báyẹn lẹ́nu iṣẹ́, a kì í yọjú wo ẹni tó kí wa. Ẹnu ń dáhùn kí ọkàn tó gbọ́.

“Oóo. Ẹ káàbọ̀.”

Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ ọkùnrin ni mo rí, nínú sálúbàtà aláwọ. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún dúdú, bí ìgbà tí nǹkan tó wúwo já lé e.

“Ṣé ó ti gbóná?”

“Kí ló gbóná?”

“Ọkọ̀ náà. Ṣé ẹ ti jẹ́ kó gbóná?”

“Rárá. Mi ò tíì tan án.”

Mo ṣe bí Kúnlé ni, pé ó wá yọjú wo ibi tí a bá iṣẹ́ dé. Mo ń yí nọ́ọ̀tì mi lọ.

“Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa,” ohùn náà ní. “Kí ẹ wá yí i sósì débi tó lè yí dé. Ẹ̀rù kọ́nà òsì máa ń bà á. Tó bá débẹ̀, ṣe ló máa ń yí i tán.”

“Ta lẹ̀rù ń bà? Ta ni yẹn?”

Ìgbà náà ni mo tó rí ohun tí ojú mi ti ń wò látẹ̀ẹ̀kan. Orí yanrìn yẹn ni ẹsẹ̀ náà dúró sí. Yanrìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná. Awọ sálúbàtà kò jó. Kò rú èéfín. Ẹsẹ̀ kò sì yẹ̀.

Orí mi wú. Mo fà gba apá kejì jáde lábẹ́ ọkọ̀, mo sì yípo rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan. Mo fọwọ́ kan yanrìn, ó jó mi. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí mo ṣe dà á. Kò sí ojú ẹsẹ̀ lórí rẹ̀.

Mo lọ bá Ìyá Olóìlì.

“Ta ló wọlé?”

“Ta ni ì bá wọlé? Ṣé ẹ rí ẹni tó dúró wo óìlì mi láti àárọ̀ ni?”

“Ọkùnrin kan. Sálúbàtà ló wọ̀.”

“Bàbá Wẹ́dà, ṣé ẹ ti jẹun? Mò ń gbọ́ tí ẹ̀ ń bá sàlẹ́ńsà sọ̀rọ̀. Mo ní kí n má dá sí i, bóyá ó ń dá yín lóhùn.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá rí ojú mi, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé àga rẹ̀, ó lọ jókòó létí títì níbi tí ọkọ̀ ti ń kọjá.

Ó ṣe mí bíi kí n palẹ̀ mọ́, kí n máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ti dé tán, obìnrin yẹn kò sì ní ẹlòmíràn tó máa bá a ṣe é. Mo dúró de Múfú. Nígbà tó ti mọ́ṣáláṣí dé, mo ní kó tan ọkọ̀ náà, kó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí yóò fi gbóná.

“Nínú ọ̀wọ́n epo yìí, bàbá? Kí ló dé, ṣé ẹ fẹ́ fi dáná ni?”

“Ṣáà tan án.”

Ó tan án. A jẹ́ kó gbóná dé ibi tó yẹ kó gbóná dé. Mo wọlé, mo yí sítíárìn sósì débi tó lè yí dé.

Ó há.

Mo fà á, kò padà. Múfú náà fà á, kò padà. Irin tó gbóná máa ń wú, ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ sì máa ń mì. Àyè tí mo rí nígbà tó tutù ti dí pátápátá, páìpù ti gbá oríkèé ọ̀pá sítíárìn mú. Ká ní ojú títì ni, ọkọ̀ náà ì bá yà sósì, kò sì ní yà padà. Fọlákẹ́ ni ì bá wà nínú rẹ̀.

Múfú pa ẹ́ńjìnnì. Kò ṣàwàdà.

“Bàbá, ta ló ní kí ẹ wò ó báyìí?”

“Ẹnìkan ló ń kọjá.”

A tú páìpù náà. A tún rọ yanrìn sí i, a tún tẹ̀ ẹ́, a sì ń dán an wò ní gbígbóná títí ó fi yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni a parí. Lẹ́nu iṣẹ́ náà, mi ò gbọ́ ìkíni kankan mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mò ń fetí sí i.

Fọlákẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì wá lọ́jọ́ Àìkú. Ó bẹ̀ mí pé kí n jókòó ti òun dé Jẹ́ríkò. Kó tó tan ọkọ̀, mo bi í ní ohun tó ti wà lọ́kàn mi.

“Ọkọ yín, ṣé nǹkan kan ṣe èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀?”

Ó yíjú sí mi. “Bátìrì ọkọ̀ yìí ló já lé e lẹ́sẹ̀. Ta ló sọ fún yín?”

Mo ní kó tan ọkọ̀.

Ó dún. Kì í ṣe ariwo. Ohùn ìsàlẹ̀ ni, ó jinlẹ̀, bíi tàwọn ọkùnrin tó ń ṣe àmín pa pọ̀. Fọlákẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lè gbé ọwọ́ náà padà sórí sítíárìn.

A gba Ring Road, a já sí Dùgbẹ̀. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín oríta. Gbogbo fèrè ló ké lé wa lórí. Onítakisí kan yọ orí síta.

“Àǹtí, ṣé ọkọ̀ ni àbí ẹ̀ ń fi ṣe àfihàn? Ẹ jẹ́ ká rọ́nà lọ.”

Fọlákẹ́ tan ọkọ̀, ó tún kú. Ó fẹ́ máa sunkún. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló dákẹ́, ó sì mi orí.

“Mo ti gbọ́,” ó ní jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó tan án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rọra gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ náà sì lọ bí omi.

“Ẹ ṣeun, bàbá.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Bí ẹ ṣe ní kí n rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, kí n má wo ẹ̀yìn.”

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò la ẹnu mi. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n mo rí bí èjìká rẹ̀ ṣe wálẹ̀, tí ẹ̀rù ti kúrò lójú rẹ̀. Mo pa ẹnu mi mọ́. Mi ò wo ẹ̀yìn, èmi náà.

A dé kọ́nà tó wọ àdúgbò Màmá. Òsì ni. Ó yí i tán, bí wọ́n ṣe sọ fún mi gan-an. Ọkọ̀ yà, ó sì padà tọ́ láìsí ìṣòro.

Màmá ti jáde kí a tó dúró. Ohùn ọkọ̀ ni wọ́n gbọ́. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n fi ọwọ́ wá ọkọ̀ náà títí wọ́n fi kàn án, wọ́n sì gbọ́wọ́ lé e.

“Tìẹ ni,” wọ́n ní fún Fọlákẹ́.

Kúnlé bẹ̀rẹ̀ síbi ẹnu páìpù. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. “Ó dún ju bí Bùọ̀dá mi ṣe sọ lọ, ìyàwó wa,” ó ní. Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí.

Èmi náà sọ̀kalẹ̀, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn tèmi.

“Ẹ má tíì tì í,” Màmá ní. “Ẹ ká ìjókòó yẹn síwájú, kí ẹni ẹ̀yìn lè ráyè sọ̀kalẹ̀.”

Èmi àti Fọlákẹ́ nìkan la wà nínú ọkọ̀. Fọlákẹ́ wò mí, Kúnlé wo ilẹ̀. Mo ká ìjókòó náà síwájú bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, mo sì sún sẹ́yìn. Gbogbo wa dúró nínú oòrùn. Ìyàwó tèmi wá sọ́kàn mi níbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí mo rántí rẹ̀ tí àyà mi kò wúwo.

Màmá yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó fún ènìyàn lọ́nà. Wọ́n mi orí.

“Ó dáa. Ẹ tì í báyìí.”

Fọlákẹ́ ṣì ń wa ọkọ̀ náà. Mò ń gbọ́ ọ ní Challenge kí n tó rí i. Mi ò mọ ohun tí Màmá rí tàbí ohun tí wọn ò rí, mi ò sì bi ẹnì kankan. Ìkìlọ̀ kan péré ni mo ní fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí: tí opó bá fi ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì gbé yín débi kan, tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ má yára ti ilẹ̀kùn.