Oorun Ọlọ́lọ̀ Ní Gbàgede Orin

Iṣẹ́ ọlọ́lọ̀, iṣẹ́ ọkà lílọ̀, ni àbúrò mi ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù títí irùngbọ̀n náà fi funfun. Ilé ìlọkà ńlá kan ló ti ṣe é, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ. Tí ẹ̀rọ náà bá ń ṣiṣẹ́, ẹ kò lè gbọ́ ohùn ara yín. Ìyẹ̀fun a máa bo àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lórí, gbogbo wọn sì ti dàgbà lójú kí wọ́n tó dàgbà lára.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ náà tó yẹ kí ẹ mọ̀, nítorí òun ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù. Ọlọ́lọ̀ lè sùn nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ariwo ẹ̀rọ ni àlàáfíà. Ìgbà tí ariwo bá dá ni ewu dé: bóyá bẹ́líìtì ti já, bóyá ọkà ti há. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti dìde, kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti wà lára irin tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ náà, kí ojú rẹ̀ tó là tán. Àbúrò mi mọ èyí ṣe débi pé ara rẹ̀ ló ń ṣe é, kì í ṣe òun.

Ẹni tó ni ilé ìlọkà kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ tú ẹ̀rọ palẹ̀, wọ́n tà á fún àwọn tó ń yọ́ irin, wọ́n ní kí àbúrò mi lọ sinmi. Ó délé, ó wẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó la ojú sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ilé dákẹ́ jù. Tí oorun bá fẹ́ gbé e, ìdákẹ́jẹ́ á jí i, á fò dìde, á na ọwọ́ sókè, á máa wá irin tí kò sí lára ògiri.

Ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń sunkún kó tó ronú. Ó so ṣíbí mọ́ fáànù kó lè máa lu irin. Ṣíbí náà já, ó fò, ó fọ́ dígí. Ó tan rédíò, ọkọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, òun sì máa ń fetí sí ọ̀rọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọ yàrá, ó ń fi ẹsẹ̀ wà á láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni kò sùn mọ́.

Orí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ó bu iyọ̀ sínú tíì. Ó wọ ilé aládùúgbò, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sídìí tábìlì, ó bi ìyàwó oníyàwó pé kí ló dé tí oúnjẹ pẹ́ tó báyìí. Ẹ̀rù ba obìnrin náà, ó bu oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kò dùn tó ti àná. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó pe ìyàwó rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ní oògùn oorun kò ràn án, ọkàn rẹ̀ sì ti ń rẹ̀. Tí kò bá rí oorun sùn láìpẹ́, ọkàn náà á dúró. Nígbà tí a jọ ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà, ìyàwó rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wá ariwo fún ọkọ mi."

Gbàgede orin kan wà lẹ́yìn ìlú, lẹ́sẹ̀ òkè. Kò ní òrùlé. Òkúta ni wọ́n gbẹ́ ṣe ìjókòó, ó ń gòkè ní ìpele-ìpele, ó yí pèpéle ká bí igbá tí a là sí méjì. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ibẹ̀ ń gbà, ọ̀sán Sátidé ni wọ́n sì ń ṣeré. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dé ibẹ̀ rí. Ọmọbìnrin àbúrò mi ló wá tíkẹ́ẹ̀tì fún wa.

Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló yan ibi tí a jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà kan tó ga bí ilẹ̀kùn. Àwọn ẹlòmíràn ń sá fún un. Ìlù, gìtá àti fèrè bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òkúta tí a jókòó lé ń gbọ̀n. Mo wo àbúrò mi, àgbọ̀n rẹ̀ ti kan àyà. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ sí i nímú bóyá ó ń mí. Ó ń mí. Ó ń hanrun pàápàá, ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́.

Orin parí. Kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, àbúrò mi ti wà lórí ìdúró, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lókè, ojú rẹ̀ ò tíì là. Àwọn tó wà lẹ́yìn rí àgbàlagbà olórí funfun tó dìde, tó di ojú, tó na ọwọ́ sókè, tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n rò pé orin ló wọ̀ ọ́ lára. Obìnrin kan gbá ọkọ rẹ̀ lápá. "Ẹni tó tó bàbá ẹ dìde, ìwọ jókòó bí àpò ìrẹsì." Ọkọ dìde. Gbogbo ìlà wọn dìde. Ìlà tó tẹ̀lé wọn ò ríran mọ́, àwọn náà dìde. Kò pẹ́, gbogbo òkè náà ti wà lórí ìdúró. Olórin tẹríba, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Àbúrò mi jókòó. Orin mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ó sùn.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí ní Sátidé gbogbo. Oorun ọ̀sán kan ṣoṣo yẹn ló ń tó o lò títí di Sátidé mìíràn, bí omi tí a pọn pamọ́ sínú ìkòkò. Ara rẹ̀ bọ̀ sípò. Kò wọ ilé onílé mọ́.

Ọ̀gá gbàgede kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí bàbá yìí bá wá, èrò á dìde. Ọjọ́ tí kò bá wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa jẹ gúgúrú. Àwọn olórin wá ń bèèrè kí wọ́n tó gbà láti wá, pé ṣé Bàbá Adìde máa wà níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀gá gbé e wá síwájú, ó fi tìmùtìmù sórí òkúta rẹ̀. Oníròyìn kan bi í pé orin ta ló dùn jù. Àbúrò mi ní gbogbo wọn dára, àwọn tó ń dá dúró lójijì nìkan ló ń yọ òun lẹ́nu. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Olùkọ́ orin kan sì fi odindi ojú ewé kan ṣàlàyé ohun tí bàbá ní lọ́kàn.

Ìyàwó rẹ̀ kìlọ̀ fún un kó má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ta ló máa fi ìjókòó iwájú fún ẹni tó wá sùn. Tí wọ́n bá lé e níbẹ̀, kò síbòmíràn tí oorun rẹ̀ wà.

Òjò dé, wọ́n ti gbàgede fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àbúrò mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà nílé onílé. Nígbà tí òjò dá, olórin obìnrin kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ìyàwó bi mí bóyá ìlù máa wà níbẹ̀. Mo ní gìtá kan ṣoṣo ni mo rí nínú àwòrán rẹ̀. Ó ní gìtá sàn ju ògiri lọ. A lọ.

Obìnrin náà ń kọrin nípa ìyá rẹ̀ tó ti kú. Láàárín orin náà, á dákẹ́ pátápátá, á jẹ́ kí ibẹ̀ pa rọ́rọ́, kó tó máa bá a lọ. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn làwọn èèyàn torí ẹ̀ wá. Ó dákẹ́. Àbúrò mi dìde. Gbogbo èrò dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà dúró kí wọ́n jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dákẹ́, àbúrò mi dìde, èrò dìde. Wọ́n ń dìde, wọ́n ń jókòó, bí ọmọ iléèwé tó ń ṣe eré ìdárayá. Àwọn àgbà ti ń di ìbàdí mú.

Olórin sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, ó gbé gbohùngbohùn lọ́wọ́, ó wá dúró níwájú àbúrò mi. Ó ní, "Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín tẹ́ ẹ fi ń fi ikú ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ìyàwó tẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò gbọ́ ti ẹsẹ̀. Ó wo ojú olórin náà, ó rí i pé ó dùn ún.

"Mi ò fi ìyá ẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ mi. Oorun ni mo wá sùn. Ìwọ lo ń jí mi."

Sípíkà gbé ọ̀rọ̀ náà dé òkè pátápátá. Ẹnì kan lẹ́yìn bèèrè pé ṣé ẹni tó ń sùn làwọn ti ń bá dìde látọjọ́ yìí. Ọkùnrin àpò ìrẹsì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá gbàgede ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ mú àbúrò mi jáde, kó má sì padà wá mọ́ láé.

Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà mú wa jáde, kí èrò má bàa máa wò wá. Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ gbàgede wà, ó tó ilé kékeré, ariwo rẹ̀ ń mi ilẹ̀. Àbúrò mi ní kí wọ́n jẹ́ kóun so okùn bàtà òun. Ó jókòó lórí bíríkì kan. Kò so okùn náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fà á, orí rẹ̀ kàn ń yí ni. Orin bẹ̀rẹ̀ níwájú, orin parí, ó ń sùn lọ. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà wò ó títí. Ó bi wá pé iṣẹ́ wo ni bàbá ṣe rí, a sọ fún un. Ó ní ẹni tó lè jí kí ẹ̀rọ tó kú tán kì í ṣe ẹni à ń lé. Ó lọ gbé àga àti ìrọ̀rí wá, ó sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé kí wọ́n lọ sọ fún ọ̀gá pé àwọn ti lé e.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, orin parí, kò sẹ́ni tó dìde. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ dìde, ó na ọwọ́ sókè, ó di ojú. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní kó jókòó, òun ò ríran.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ ibi tí àbúrò mi wà. Ó wá bá wa lẹ́yìn, ó bẹ ìyàwó pé kó jí ọkọ rẹ̀, kó padà síwájú, òun ti dárí jì í. Ìyàwó ń hun súwẹ́tà. Ó fi ẹnu sún mọ́ ọn létí nítorí ariwo.

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dìde, ẹ pa ẹ̀rọ yìí. Á dìde lójú ẹsẹ̀."

Ọ̀gá na ọwọ́ sí irin ẹ̀rọ. Ó wá rántí pé ẹ̀rọ náà ló ń gbé iná àti sípíkà gbogbo gbàgede. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó dúró, ó ń wo àbúrò mi. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá a tún ìrọ̀rí ṣe, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ tó jókòó.