Ààwẹ̀ Tí Bàbá Mi Gbà Lẹ́yìn Ràmàdáánì

Nínú oṣù Ràmàdáánì, bàbá mi kì í na ìyá mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa ẹ̀sìn wa nìyẹn, kí n tó mọ Fátíhà kà parí.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Ọ̀nà Bìní ló ń ná, ilé wa sì wà lẹ́yìn gáréèjì ní Ore. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni ìyá mi, láti Omifunfun. Ilé Aládùúrà ni wọ́n bí i sí, ìgbà tó fẹ́ bàbá mi ló gba Ìsìláàmù. Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń yan lórí iná, ló ń tà lọ́jà.

Tí inú bá bí bàbá mi nínú Ràmàdáánì, á dákẹ́, á fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, á ní, "Mò ń gbààwẹ̀." Á tún un sọ, á sì jáde lọ sí ojúde. Ìyá mi á wá mí kanlẹ̀.

Ọdún Ìtúnu kan wà tí a ti Yídì dé, tí ìyá mi gbé oúnjẹ síwájú bàbá mi. Ó ní ẹran tí wọ́n bù fún òun kò tó. Aṣọ ọdún ṣì wà lára ìyá mi nígbà tí bàbá mi bọ́ bẹ́líìtì. Bó ṣe ń nà án ló ń ka ẹ̀ṣẹ̀ tí ìyá mi ti ṣẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀: ti ọjọ́ tí sààrì pẹ́, ti ọjọ́ tó dá a lóhùn níwájú àlejò. Kò gbàgbé ọ̀kan. Gbogbo ohun tó fi "Mò ń gbààwẹ̀" gbé mì, ṣe ló tọ́jú wọn.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, àfáà ṣe wáàsí nípa ààwẹ̀ mẹ́fà inú oṣù Ṣàwáàlì. Ó ní ẹni tó bá fi í tẹ̀lé Ràmàdáánì, ó dà bí ẹni tó fi gbogbo ọdún gbààwẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin lẹ́yìn ni èmi àti ìyá mi jókòó sí. Mo rí i tó gbé orí sókè.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, òórùn ẹ̀wà ló jí mi ní ìdájí. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá mi.

"Bàbá wọn, sààrì ti jinná o. Ààwẹ̀ mẹ́fà tí àfáà sọ yẹn, mo mọ̀ pé irú yín kò ní fẹ́ kó kọjá lórí yín."

Bàbá mi dìde. Ó fẹ́ràn kí wọ́n ka òun mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi kò jẹ́ kó gbà á léra wọn. Ọjọ́ tí bàbá mi kò bá ní rìn, tí yóò wà nílé látàárọ̀, ọjọ́ yẹn ni sààrì ń jinná. Mo bi í pé, "Màámi, kí ló dé tí a ò gbà á tán lẹ́ẹ̀kan?"

Ó wo ẹ̀yìn kó tó dá mi lóhùn. "Tí a bá gbà á tán, kí la ó fi lo ìyókù oṣù?"

Nígbà tí Ṣàwáàlì parí, ó wá òmíràn: Ajé àti Ọjọ́bọ̀, àti àwọn ọjọ́ àárín oṣù tí òṣùpá máa ń mọ́lẹ̀ yòò. Èmi náà ń bá wọn gbà á. Mo rù débi pé tíṣà mi bi mí bóyá ara mi kò yá. Àwọn ọjọ́ tí kò bá sí ààwẹ̀, bẹ́líìtì ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ àwọn ọjọ́ náà ń dín kù, ohun tí ìyá mi sì ń fẹ́ nìyẹn.

Òkìkí bàbá mi kàn ní gáréèjì. Ní Jímọ̀ kan àfáà nawọ́ sí i níwájú gbogbo jàmáà, ó ní, "Ẹ wo ọkùnrin yìí. Ràmàdáánì kò kúrò nílé rẹ̀." Àwọn obìnrin yíjú sí ìyá mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ó tẹ orí ba. Egbò ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń ṣomi sára bùbá.

Nígbà tí oṣù Iléyá wọlé, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun yóò gbààwẹ̀ láti ọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ Aráfà tó ṣáájú Iléyá. Inú ìyá mi dùn débi pé ó ń kọrin nídìí iná tó fi ń yan púpurú.

Ní ọjọ́ Aráfà, oòrùn mú gan-an. Àgbò Iléyá wà ní ìso lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ìyá mi fọ jalàbíà funfun tí bàbá mi máa wọ̀ lọ sí Yídì, ó sá a sórí okùn. Kí a tó mọ̀, àgbò ti fa apá aṣọ náà sẹ́nu, ó ti jẹ ẹ́ já. Bàbá mi dé kí Alásàrì tó tó. Ó mú apá aṣọ náà lọ́wọ́, ó ń wò ó.

"Ta ló sá aṣọ yìí síbí?"

"Èmi ni, bàbá wọn. Ẹ má bínú, mà á gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ báyìí."

Ó lọ mú ọmọ odó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Bàbá wọn, ẹ rántí pé ẹ ń gbààwẹ̀."

"Mo rántí."

Kò pariwo. Kò bú u. Àfáà ti sọ pé èébú àti irọ́ máa ń ba ààwẹ̀ jẹ́, nítorí náà ó pa ẹnu mọ́, ó ń lù ú. Mo gbọ́ ìró apá ìyá mi nígbà tó kán. Bàbá mi dá ọmọ odó padà síbi tó ti mú un, ó bu omi sí bútà, ó ṣe àlùwàlá rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì lọ kírun.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó pè mí pé kí n wá ṣínu. Ó ṣa èso dàbínù tó rọ̀ jù nínú àwo fún mi.

"Gbà, ọmọ mi. O gbìyànjú."

Ebi ń pa mí. Mo jẹ ẹ́. Ìyá mi ń mí nínú yàrá bí ẹni tó ń gun òkè.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi sọ fún àwọn èèyàn ní Yídì pé àgbò ló kan ìyàwó òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó tètè pa àgbò náà. Ó pa á, ó sì gbé itan kan lọ fún àfáà. Kó tó padà dé, ìyá mi ní kí n wé gèlè mi. Ọ̀kadà la gùn lọ sí Omifunfun. Bí a bá ti já sí kòtò, á fi eyín di etí ìborùn rẹ̀ mú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń bọ̀ láti ilé àdúrà, sùtánà wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó ń to eegun ló lọ pè.

Nígbà tó yá, àfáà wá bá wa pẹ̀lú àgbà méjì.

"Ìyá, ẹ dárí jì í. Iṣẹ́ Sàtánì ni. Ọkùnrin tó ń sin Ọlọ́run báyìí ṣọ̀wọ́n."

Ìyá mi ní, "Àfáà, tí ẹni tó ń gbààwẹ̀ bá lu èèyàn títí apá fi kán, ṣé ààwẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́?"

Àfáà wolẹ̀. "Ààwẹ̀ náà kò bàjẹ́. Làádá rẹ̀ ni..."

"Mo ti gbọ́. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń se sààrì, mo rò pé ààwẹ̀ ló ń dì í lọ́wọ́ mú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń di ara rẹ̀ mú. Ó lè ṣe é, àfáà. Kò kàn fẹ́ ni."

Wọ́n padà láìmú ìyá mi dání. Bàbá mi ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, ìlà iwájú ló ṣì ń dúró sí ní mọ́sálásí. Apá ìyá mi jinná ní wíwọ́. Tó bá fẹ́ kírun, ọwọ́ kan á dé etí, èkejì á dúró níwájú àyà.

Ní Ṣàwáàlì tó kọ́kọ́ bá wa ní Omifunfun, ó jí, ó se sààrì fún ara rẹ̀ nìkan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í léèrè pé, "Ta lò ń gbà á fún báyìí?"

"Ọlọ́run. Ta ni mo ń gbà á fún tẹ́lẹ̀?"



Èmi kì í gbà á. Mò ń gba Ràmàdáánì, àmọ́ tí àfáà bá ti bẹ̀rẹ̀ wáàsí Ṣàwáàlì, mà á dìde kúrò láàárín àwọn obìnrin. Lọ́dún tó kọjá, mo ti Ore, ibi tí mò ń gbé báyìí, lọ kí ìyá mi nínú oṣù yẹn. Ó ń gbààwẹ̀. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tí kò kán ro púpurú fún mi, ó bu ọbẹ̀ sí i, ó sì jókòó tì mí.

"Ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?"

"Ó tó, Màámi."

Ọbẹ̀ náà tẹ́ lẹ́nu. Mo jẹ ẹ́ tán níwájú rẹ̀.