Alágbàfọ̀ Tó Wá Yunifásítì Nínú Àpò Ṣòkòtò

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà méjèèjì dé, Màmá Funfun jó títí aṣọ tó fi wérí fi já bọ́ sínú omi ọṣẹ. Kò tiẹ̀ mọ̀. Nígbà tó máa ki ọwọ́ bọ omi láti fa aṣọ oníbàárà jáde, aṣọ orí tirẹ̀ ló fà yọ, ó gbé e sókè, ó ní, "Ta ló ni èyí o?" Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó dúró tì í rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí ìdì aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni màmá yìí ń ṣe. Ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń fọ aṣọ aráàlú nínú yàrá gbàgẹ̀rẹ̀ kan tó kọjú sí títì, tí ìkòkò omi gbígbóná wà ní igun kan, tí tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ wà láàárín, tí okùn ìsáṣọ sì gba ẹ̀yìnkùlé kọjá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀wù funfun kì í jáde lọ́wọ́ rẹ̀ kó má ta ẹni tó ń wò ó lójú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Màmá Funfun. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń lọ aṣọ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí bàbá náà ti kú, òun nìkan ló ń fọ̀, òun náà ló ń lọ̀, a sì máa bá áyọ́ọ̀nù tí bàbá fi sílẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé irin máa ń dáhùn.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kékeré ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ipò-Kìíní. Láti ìgbà tó ti wọ ilé-ìwé, kò mọ ibòmíràn jókòó sí. Wọ́n bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló gba ipò kejì ní kíláàsì rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀, òun ò bojú wẹ̀yìn. Ó ti ṣe ìdánwò àṣekágbá báyìí, ó fakọyọ nínú gbogbo rẹ̀ pátá, iṣẹ́ apoògùn ló sì fẹ́ lọ kọ́. Yunifásítì méjì ló gbà á: ti Orí Òkè àti ti Ẹ̀bá Odò. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan.

Ti Orí Òkè, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá jáde níbẹ̀, bó ṣe ń wúkọ́ gan-an yàtọ̀. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé nítorí máàkì ọmọ yìí, àwọn á yọ ìdajì owó ilé-ìwé fún un. Ẹ̀bá Odò ní tiwọn kò yọ ohunkóhun. Wọ́n kàn ní kó wá ni. Owó wọn kò wọ́n, ṣùgbọ́n tí a bá gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n lẹ́yìn ìdajì yẹn, ti Orí Òkè ló fúyẹ́ díẹ̀.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tiwọn ti wọlé tòun ti kọ́ọ̀mù lọ́wọ́.

"Màmá, kí lẹ tún ń rò sí? Orí Òkè ni. Tí ẹ bá sọ fáwọn èèyàn pé ọmọ yín wà ní Ẹ̀bá Odò, wọ́n á rò pé ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pẹja."

"Ìwọ ńkọ́, ta ló gbé ọ dé Orí Òkè rí?"

"Mo gẹrun fún ọ̀gá àgbà wọn lẹ́ẹ̀kan."

"Ṣé ìdí nìyẹn tórí ẹ̀ fi pá?"

Ọmọ náà tún lulẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀rín ò wọ́n nílé alágbàfọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ Màmá Funfun lọ́kàn lábẹ́ ẹ̀rín náà. Ọmọkùnrin rẹ̀, bàbá Ipò-Kìíní, ti lọ sí Orí Òkè nígbà kan. Wọ́n ta, wọ́n rà, wọ́n san owó ilé-ìwé pé pérépéré. Lọ́dún kẹta, wọ́n ṣàdédé rí i tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tòun ti àpótí rẹ̀. Owó ilé-ìwé kọ́ ló lé e wálé. Àwọn owó kéékèèké tó ń tọ owó ilé-ìwé lẹ́yìn bí òròmọdìyẹ ló ṣa á jẹ. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà báyìí, a máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó fojú kan ilé. Nítorí náà, bí àwọn ará àdúgbò ti ń kí wọn kú oríire pé ọmọ wọlé, ìyá náà ń dáhùn pé wọ́n ṣeun, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé wíwọlé kọ́ niṣẹ́, píparí niṣẹ́.

Ibi tí ọgbọ́n ti wọlé nìyí. Nínú iṣẹ́ Màmá Funfun, aṣọ kan kì í fojú kan omi láìjẹ́ pé wọ́n ti yí àpò rẹ̀ síta. Ohun tó bá bọ́ jáde, inú agolo bisikíìtì ló ń lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà oníbàárà, títí ẹni tó ni í á fi dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé méjèèjì ló sì ń gbé aṣọ wá fún un. Lọ́jọ́ Ajé, bó ti na ọwọ́ sí àpò ṣòkòtò kan, ó dúró.

"Ipò-Kìíní, mú ìwé àti kálàmù wá. Lẹ́tà lè pa irọ́ fún wa. Àpò ò mọ irọ́ pa."

"Màmá Àgbà, ohun olóhun mà ni."

"A ò ní wò ó lẹ́yìn wọn. A ó bi wọ́n lójú wọn."

Ọmọkùnrin gíga kan tó wà ní Orí Òkè ló kọ́kọ́ dé. Màmá tẹ́ ohun tó bọ́ lápò rẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni ń pàtẹ ọjà.

"Ọmọ mi, má bínú sí ìyá arúgbó o. Rìsíìtì kí ni èyí?"

"Ti ilé tí mò ń gbé ni, Màmá. Wọn kì í fún wa ní yàrá nínú ọgbà mọ́ lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́."

"Èyí tó gùn bí ìrù ẹṣin yìí ńkọ́?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni. Ẹ̀yin náà ẹ wo òkè yẹn. Ta ló fẹ́ fẹsẹ̀ gùn ún lójoojúmọ́?"

"Èyí?"

"Ìwé tí olùkọ́ wa kọ ni. Tí a ò bá rà á, kò ní rí wa tó bá ń pín máàkì."

"Ìdajì tí wọ́n ń yọ fún àwọn olórí pípé ńkọ́?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ọdún kan péré ni, Màmá. Tó bá di ọdún kejì, wọ́n á kàn kí yín kú oríire."

Ipò-Kìíní kọ gbogbo rẹ̀, ó ṣírò rẹ̀ lórí, ó sì yí ìwé náà dojú bolẹ̀ kí ìyá bàbá rẹ̀ má baà rí iye tó jáde. Màmá ò tiẹ̀ nílò iye. Ó ti rí ojú ọmọ.

Ẹni tó tẹ̀lé e jẹ́ ọmọbìnrin kúkúrú kan láti Ẹ̀bá Odò, tó máa ń kó ẹ̀wù funfun tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò oògùn wá. Màmá yí àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síta. Kọ́kọ́rọ́ kan, káàdì kan, àbọ̀ pẹ́ńsùlù kan.

"Kí ló dé tí àpò tìẹ gbẹ báyìí, ọmọ mi? Ṣé kò sí ni?"

"Kò síbi tí owó ń bá lọ ni, Màmá. Inú ọgbà ni mò ń gbé. Mò ń to ìwé ní yàrá ìkàwé wọn ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n sì fún mi ní yàrá dípò owó. Káàdì iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Owó ilé-ìwé?"

"N kì í san án."

Màmá Funfun gbé ẹ̀wù náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Tún un sọ."

"Mo lọ béèrè ni. Fọ́ọ̀mù kan wà lọ́dọ̀ akọ̀wé tó ń gba ọmọ wọlé. Wọn kì í fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà. Tí máàkì ọmọ bá ga, tí ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀ ò sì tó o, wọ́n á yọ gbogbo owó náà fún un títí tó fi máa parí, bí kò bá ṣáà ti fìdí rẹmi. Èèyàn mẹ́wàá ni wọ́n máa ń fún lọ́dún. Lọ́dún tèmi, àwa mẹ́fà la béèrè."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Àwọn kan ò mọ̀. Àwọn tó mọ̀, ojú ń tì wọ́n."

"Ojú ń tì wọ́n," ni Màmá sọ, bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ àjèjì wò. "Èmi tí mo ti fọ ṣòkòtò àwọ̀sábẹ́ gbogbo àdúgbò yìí. Níbo lojú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí?"

Ọmọbìnrin náà kìlọ̀ fún wọn kó tó lọ pé kí wọ́n mú ojúlówó lẹ́tà dání, wọn ò ní gba fọ́tókọ́pì. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi ìrìn àjò náà sí.

Ayọ̀ pọ̀ jù fún Màmá Funfun. Ó ká lẹ́tà Ẹ̀bá Odò sí mẹ́rin, ó tì í sínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló fi ń yọ ọ́ síta. Ó fi han onígbàjámọ̀. Ó fi han ẹni tó wá ka mítà omi. Ó fi han obìnrin kan tó kàn yà wá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́rú, tó jẹ́ ọjọ́ tó ń fọ aṣọ tara rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ náà, ó jù ú sínú omi gbígbóná. Àpò gbogbo ayé ló máa ń yí síta. Tirẹ̀, kò yí i rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nítorí kò sí ohun tó wọ ibẹ̀ rí.

Ipò-Kìíní ló kọ́kọ́ rí i. "Màmá Àgbà, lẹ́tà dà?"

Ìyá fọwọ́ kan àyà. Ó fọwọ́ kan ìbàdí. Ó wo ìkòkò.

Wọ́n yọ ọ́ bí ẹni yọ ọmọ tuntun. Ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Omijé ti dé ojú ọmọ, ẹ̀rín sì ń tì í láti ẹ̀yìn, kò mọ èyí tó máa jáde nínú méjèèjì.

"Má sunkún," ni Màmá wí. "Kí ni ìwé? Aṣọ náà ni, ó kàn tín-ín-rín ni. Tẹ́ aṣọ funfun méjì sílẹ̀. Dín iná áyọ́ọ̀nù kù, bíi ti sílíkì." Ó bá yíjú sí áyọ́ọ̀nù ọkọ rẹ̀. "Bàbá, tí ẹ bá máa ṣe mí lóore kan sí i, òní ni."

Ó tẹ lẹ́tà náà sáàárín aṣọ méjèèjì, ó ń tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀nba, ó ń ṣí i wò, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí pé kíká ló wà, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yè. Òǹtẹ̀ pupa nìkan ló ràn díẹ̀. Nítorí pé sítáàṣì wà nínú omi náà, nígbà tí wọ́n ṣe é tán, lẹ́tà náà dúró gan-an bíi kọ́là ọkọ ìyàwó.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rin afárá odò kọjá. Akọ̀wé tó ń gba ọmọ wọlé jẹ́ obìnrin kan tó fi gíláàsì sí ṣóńṣó imú. Ó gba lẹ́tà, ó gbé e sókè sí fèrèsé, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin Màmá, ta ló fọ lẹ́tà yìí?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà."

"Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. N ò tíì rí lẹ́tà tó mọ́ tó báyìí." Ó tẹ orúkọ ọmọ náà sínú kọ̀ǹpútà, ó rí i, ó wo máàkì rẹ̀, ó yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wò ó. "Kí lẹ wá gbà?"

Màmá Funfun fa ìró rẹ̀ dáadáa. "Fọ́ọ̀mù tí ẹ kì í fi ránṣẹ́ la wá béèrè."

Akọ̀wé náà wá ṣí dúrọ́ọ̀. "Ẹ̀yin lẹnìkẹta lọ́dún yìí." Ó yíjú sí ọmọ. "Wọ́n á bi ọ́ níbí yìí pé kí nìdí tó o fi yan ọ̀dọ̀ wa. Kí ni kí n kọ?"

"Nítorí àpò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín," ni Ipò-Kìíní wí, ó sì rò ó fún un látòkèdélẹ̀, rìsíìtì, kọ́kọ́rọ́ àti àbọ̀ pẹ́ńsùlù. Ká tó wí ká tó fọ̀, akọ̀wé mẹ́ta mìíràn ti yọrí láti yàrá kejì, wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń di ògiri mú.

Akọ̀wé gbé fọ́ọ̀mù wọlé tọ ọ̀gá lọ. Màmá ò lè jókòó. Ó dìde, ó yẹ kọ́tìnì wò, ó mi orí sí ìdọ̀tí rẹ̀, ó tún jókòó. Ìgbà tí akọ̀wé jáde, òǹtẹ̀ tuntun ti wà lórí fọ́ọ̀mù, inki rẹ̀ kò tíì gbẹ.

"Ọdún márùn-ún. A ti yọ gbogbo owó ilé-ìwé. Tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní yàrá ìkàwé, yàrá wà fún un. Ẹ bọwọ́ lù ú síbí, Màmá."

Màmá Funfun kọ orúkọ ara rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà títí ó fi gba etí ìwé kọjá.

Nígbà tí wọ́n dé orí afárá, ọmọ ní, "Màmá Àgbà, ẹ̀ ń sáré."

"Èmi kọ́, ẹsẹ̀ ni. Pe bàbá rẹ."

Ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ló kọ́kọ́ dáhùn nínú fóònù. Màmá gba fóònù, ó rò ó fún un ní ṣókí. Ìyá gbọ́ bí ọmọkùnrin rẹ̀ ṣe pa ẹ́ńjìnnì.

"Ọdún mélòó ni wọ́n yọ, Màmá?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ọdún kẹta ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ìkẹrin wà níbẹ̀. Ìkarùn-ún wà níbẹ̀."

"Ó máa parí?"

"Ó máa parí."

Ọmọkùnrin rẹ̀ bá tẹ fèrè ọkọ̀ rẹ̀, ó ń dún nínú fóònù, ó dún, ó tún dún, ó lọ bẹ́ẹ̀ títí tí ìyá fi gbé fóònù jìnnà sétí, tí àwọn tó ń kọjá lórí afárá ń wẹ̀yìn wò, tí wọ́n ń yà fún ọkọ̀ tí wọn ò rí.