Irin Lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọdún mọ́kànlélógún ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi wá ibi tí páìpù ti ń jò fún iléeṣẹ́ omi. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni irinṣẹ́ rẹ̀. Á ki ìdí rẹ̀ mọ́ páìpù, á gbé etí lé orí rẹ̀. Bí omi bá ń jò, irin á máa ṣe ṣììì láìsinmi.

Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di. Èmi nìkan ló mọ̀, èmi tí mò ń fi igbe kí i nínú ilé ara wa. Eyín ló wá ń fi gbọ́ràn. Á dọ̀bálẹ̀ bíi pé ó ń yẹ ilẹ̀ wò, á fi eyín di orí irin mú.

Ó ní, "Ìró ò ju gbígbọ̀n lọ. Nǹkan kan á mì, á mi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú irin, ó ń sáré tó ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti afẹ́fẹ́. Tó bá dé eyín mi, egungun á gbé e wọlé. Ìta etí mi ló kú, inú ṣì wà láàyè."

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá rẹ̀ mú un lọ síbi páìpù táńkì àtijọ́ kan tí omi ò gba inú rẹ̀ kọjá fún ọdún mẹ́ta, kó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tún ṣí i. Ó fi eyín di irin mú. Kọ́, kọ́, kọ́. Ó dákẹ́. Kọ́, kọ́, kọ́. Ara rẹ̀ bù máṣọ, nítorí omi kì í sinmi.

Ọ̀gá gbé etí tirẹ̀ lé irin, àmọ́ ẹ̀rọ ìlọta tó ń ké lójúlé kejì ò jẹ́ kó gbọ́ kinní kan. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní òun gbọ́, wọn á bi í bó ṣe gbọ́ ọ. Àṣírí á tú, iṣẹ́ á bọ́. Ó ní, "Kò sí nǹkan, sà."

Nírọ̀lẹ́ ó sọ fún mi. Mo lọgun sí i létí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́. Èkúté ni. Ta ló máa gba adití síṣẹ́?"

"Èkúté kì í ka ẹẹ́ta kó tó sinmi," ó ní. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Síbẹ̀ ó gbọ́ tèmi, ó dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ó dá lọ síbẹ̀. Ìró náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó dún. Nígbà tó di Ọjọ́rú, irin dákẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìyàwó ọlọ́dẹ táńkì àtijọ́ wá sí iléeṣẹ́, ó ní ọkọ òun ò wálé láti ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹnu rẹ̀, ó yé e. Ó figbe ta: "Mo gbọ́ ọ! Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ajé!"

Ìsàlẹ̀ táńkì gbígbẹ náà ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ti kán, àgádágodo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ibi tó ti ń fi í lu páìpù ti bó, ó ń dán.

Wọn ò lé ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló fiṣẹ́ sílẹ̀. Ṣíbí ike ló fi ń jẹun báyìí. Lánàá mo gbàgbé, mo fi ṣíbí irin síwájú rẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu, ó dúró gbagidi, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Wò ó fún mi, jọ̀ọ́."

Mo gba ṣíbí náà, mo fi eyín dì í mú. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, ó sinmi, ó tún gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta.

"Kò sí nǹkan, Bọ̀ọ̀dá," mo lọgun sí i létí.