Ijó Tí Rupa Dá Jó

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ mú ọmọbìnrin mi ní yunifásítì tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Padova níbí, ní ilẹ̀ Ítálì. Bí mo ṣe wọ ọgbà wọn ni mo gbọ́ ìró igi tó ń lu igi: kó, kó, kó-kó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Íńdíà ló ń fi ijó dánra wò. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Ọmọ mi ní, “Mamma, che c'è?” pé kí ló dé. Mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, nígbà tí lira, owó Ítálì àtijọ́, la ṣì ń ná. Màmá mi àti màmá Rupa ọ̀rẹ́ mi, ará Íńdíà, ni wọ́n jọ ń gbálẹ̀ yunifásítì yìí kan náà. Èdè Ítálì àwọn méjèèjì ń tiro, síbẹ̀ wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Láàárọ̀, Màmá Rupa á gbé báàgì wọn sórí àga bọ́ọ̀sì, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbẹ̀ títí màmá mi á fi wọlé.

Lọ́dún yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Íńdíà, Pakistan, Bangladesh àti Sri Lanka fẹ́ ṣe àjọ̀dún àṣà ilẹ̀ wọn. Wọ́n ní kí Rupa wá jó ijó onígi, ó sì mú èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹnìkejì, torí ijó náà kì í ṣe ti ẹnì kan: igi tìrẹ lo máa fi lu ti ẹni tó kọjú sí ọ. Oṣù kan gbáko la fi kọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn ilé wọn. Màmá Rupa fúnra wọn ló rán síkẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n to dígí wẹ́wẹ́ sí etí rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la, Chiara, ọmọ kíláàsì mi, ní òun ń bọ̀ wá wòran. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìwọ náà á wọ aṣọ yẹn?” Ojú tì mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá Rupa, mo ní, “Màmá mi ní mi ò gbọdọ̀ jó. Wọ́n ní abọ̀rìṣà ni yín.” Ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì la ń lọ, irọ́ náà sì jọ òótọ́. Mo wá délé, mo sọ fún màmá mi pé inú ń run mí, mi ò lè jó mọ́.

Màmá mi ní, “Ó dáa, wá jókòó tì mí.” Wọ́n wé gèlè, a lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ìyẹ̀fun aláwọ̀ ya òdòdó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà aula magna, gbọ̀ngàn ńlá ibẹ̀. Sárì, aṣọ àwọn obìnrin Íńdíà, tó pupa bí ìbẹ́pẹ pípọ́n kún gbogbo ibẹ̀. Màmá mi jẹ sàmósà mẹ́rin, wọ́n ní ṣé àwọn ará Íńdíà náà ti jí oúnjẹ wa ni.

Rupa jáde. Ó na igi síwájú, kò sí igi tó pàdé rẹ̀. Ó yípo, ó tún nà án. Afẹ́fẹ́ ló ń lù. Ó rí mi níbi tí mo jókòó sí, kò sì dúró. Màmá mi ló pàtẹ́wọ́ jù. Nígbà tó parí, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì láti dì mọ́ Màmá Rupa. Rupa ti sọ ọ̀rọ̀ mi fún ìyá rẹ̀. Màmá Rupa wo màmá mi láti òkè délẹ̀, wọ́n sì kẹ̀yìn sí màmá mi.

Láti ọjọ́ náà, báàgì kúrò lórí àga bọ́ọ̀sì. Kí ọdún náà tó parí, Rupa àti ìyá rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú Genova.

Èmi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo dákẹ́. Ọdún tó kọjá ni mo tó jẹ́wọ́ fún màmá mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi léèrè ohun tí mo fi ṣẹ obìnrin yẹn.”

Ayé ti yí padà. Aṣọ tó bá wu ọmọ mi ló ń wọ̀ lọ sí yunifásítì, kò sẹ́ni tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n irọ́ ọmọdé kì í dúró ní ọmọdé, ṣe ló ń bá ẹni tó pa á dàgbà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá mi, wọ́n sì forí jì mí. Rupa àti ìyá rẹ̀ ni mi ò mọ ibi tí mo ti lè rí.